Ẹja Inú Oko Metro

Àkùkọ Darka Wasyliw kò ní ìyẹ́ lọ́rùn. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé àìsàn ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ní Verba, abúlé wa létí adágún, kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé inú omi ni ìyẹ́ ọrùn àkùkọ yẹn wà. Darka a máa tu ú díẹ̀díẹ̀, a sì so ó mọ́ ìwọ̀ pẹ̀lú irun ajá àti okùn dídán tí a fi ń ṣe igi Kérésì lọ́ṣọ̀ọ́, títí yóò fi dà bí eṣinṣin ńlá tàbí ọmọ ẹja. Ohun tó ń jù sínú omi nìyẹn. Kò lo ekòló, kò lo ẹja wẹ́wẹ́, kò sì lo ọkọ̀. Èébú ló kọ́kọ́ jẹ, kó tó di pé ó jẹ ẹja.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé ni. Gbogbo àwa tí a dàgbà sí Verba la ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀ rí, tí a ti gbọ́ ọ tó ń pariwo pé, “Ẹni tó bá tún dìde, ẹsẹ̀ ni yóò fi délé!” Kò já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lójú ọ̀nà rí. Inú bọ́ọ̀sì náà ló ti rí ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ àkọ́kọ́. Olùkọ́ kan tó ń kó kúrò ní abúlé ló gbàgbé rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó. Darka tọ́jú rẹ̀ di ọdún kejì, olùkọ́ kò padà wá. Ló bá gbé e jáde sí àgbàlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju okùn.

Atẹ́gùn pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìpínlẹ̀ Saskatchewan wa kì í bá èèyàn ṣeré. Kò sí igi tí yóò dá a dúró títí tí yóò fi dé abúlé tó kàn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, Darka fi ìwọ̀ kọ́ fìlà ara rẹ̀, ó kọ́ aṣọ tó sá, ó sì kọ́ àkùkọ. Ibẹ̀ ni àkùkọ ti kọ́kọ́ pàdánù ìyẹ́. Ibẹ̀ náà ni ọgbọ́n ti wá, nítorí nígbà tí Darka rí ìyẹ́ náà lẹ́nu ìwọ̀, tó ń jó nínú atẹ́gùn bí ohun ẹlẹ́mìí, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀ sínú koríko.

Lyle Bergstrom ni olórí àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lyle ní ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ní ẹ́ńjìnnì méjì, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fi ẹja abẹ́ omi hàn lójú gíláàsì. Tó bá ti ń ti ọkọ̀ rẹ̀ sómi láàárọ̀, tó sì rí Darka tó ń kọjá lọ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́.

“Ìyá Àkùkọ! Ṣé o fẹ́ pa ẹja ni, àbí o fẹ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fò?”

“Lyle, láti àná ni ẹ̀rọ rẹ yẹn ti ń fi ẹja hàn ọ́. Èyí tó wà nínú gíláàsì yẹn, ṣé ó dùn lẹ́nu?”

Ohun tí kò tètè yé Lyle ni pé ọjọ́ tí atẹ́gùn bá le, tí àwọn ọlọ́kọ̀ bá sá wálé, ọjọ́ náà gan-an ni Darka máa ń jáde. Ó máa ń lọ sí bèbè tí atẹ́gùn ń fẹ́ bọ̀ wá bá, kí ó lè fẹ́ lù ú lójú. Níbẹ̀, ìgbì a máa fọ bèbè títí omi yóò fi pọ́n rúsúrúsú, orí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ a sì dàrú. Nígbà náà ni ẹja píkírẹ́lì máa ń tẹ̀lé wọn wá sí ibi tí omi kò ju orúnkún lọ, torí ẹyinjú rẹ̀ dà bíi dígí, ó sì ń ríran níbi tí ẹja mìíràn ti ń táràrà. Jáákì náà máa ń wá, ẹja gígùn tí ẹnu rẹ̀ rí bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, tí eyín rẹ̀ sì rí bí ayùn. Darka kì í ju okùn sókè nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣe ló máa ń tẹ̀ ba, tí yóò sì jù ú gba ẹ̀gbẹ́, lábẹ́ atẹ́gùn, bí ẹni tó ń ti àwo oúnjẹ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ìyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lyle náà tọrọ, ṣùgbọ́n ó ní ìyàwó òun ló fẹ́ fi ṣe fìlà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò jẹ nínú ẹja Darka rí, ẹni náà ló sì wù ú jù pé kó jẹ ẹ́. Metro ni, bàbá rẹ̀.

Oko ni adágún wa yìí kí ìsédò tó wà. Ibi tí ọkọ̀ Lyle ń gbà sáré kọjá, àlìkámà Metro ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba sé odò, wọ́n ní kí gbogbo àwọn tó wà ní àfonífojì kó jáde. Metro gbé odindi ilé rẹ̀ ka orí táyà, katakata sì fà á gun òkè. Ọmọdé ni Darka nígbà náà. Ó yọjú lójú fèrèsé ilé tó ń rìn, ó ń juwọ́ sí àwọn màlúù, ó rò pé ọdún ni wọ́n ń ṣe. Bàbá rẹ̀ kò bojú wẹ̀yìn. Láti ìgbà náà, àga rẹ̀ nínú ilé kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé tó kọjú sí omi.

Gbogbo ìgbà tí Darka bá gbé ẹja wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń bá ara wọn sọ, àfi bí ìgbà tí èèyàn ń kíni.

“Bàbá, ẹja rèé. Ó ṣì gbóná.”

“Níbo lo ti rí i?”

“Nínú adágún ni.”

“Adágún ló jẹ ilẹ̀ mi. Mi ò lè bá a jẹun pọ̀. Gbé e fún ológbò.”

Ológbò ilé náà sanra débi pé kò lè fo orí àga mọ́.

Lọ́dún yìí ni Metro pé àádọ́rùn-ún ọdún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wúwo, oorun ọ̀sán rẹ̀ sì ti ń gùn sí i. Darka mọ̀ pé ìgbà tó kù fún àwọn méjèèjì láti jọ jókòó létí omi kò tó nǹkan mọ́. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, bó ti ń nu gíláàsì bọ́ọ̀sì rẹ̀, pé òun kò tọrọ ohun tó pọ̀. Kí bàbá òun bá òun jẹ ẹja kan péré létí omi yẹn, ó tán.

Yìnyín kò pọ̀ nígbà òtútù tó kọjá, nítorí náà omi fà gan-an. Bó ṣe kù díẹ̀ kí ọjọ́ ìbí Metro pé, Lyle wá kí i.

“Bàbá Metro, ẹ kú ìjókòó o. Mo rí òpó kan tó yọrí létí omi lánàá. Irin tí ilẹ̀kùn ọgbà máa ń yí lára rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.”

“Òpó igi kédárì?”

“Ó jọ ọ́, Bàbá.”

“Apá òsì ni irin náà wà?”

“Apá òsì ni.”

Metro gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. “Darka, bàtà mi dà?”

“Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́jọ́ ìbí yín. A ó jẹun níbẹ̀.”

“Òpó mi ni mo fẹ́ wò. Tó bá di ti oúnjẹ, pòtétò ni mo máa jẹ.”

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ń lọ jẹun létí omi kì í gbé ẹran dání. Páànù, òróró, pòtétò àti àlùbọ́sà ni. Ẹni tó bá fi sọ́séèjì pamọ́ sápò ti sọ fún ẹja pé òun kò gbà pé yóò wá. Darka kò fi nǹkan kan pamọ́.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, atẹ́gùn jí ṣáájú wa. Lyle fi dandan lé e pé òun yóò wọ omi. Kò pẹ́ tó fi padà, aṣọ rẹ̀ rin gbindingbindin, ó sì ń tutọ́.

“Ẹ̀rọ rẹ ńkọ́?” Darka bi í.

“Ó rí ẹja. Ẹja náà rí mi. A jọ gbà pé kí n máa lọ ilé.”

Wọ́n gbé àga Metro sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo irin tó ti dípẹtà, kò sì gbé e kúrò. Omi etí bèbè ti pọ́n. Ó wò ó títí, ó ní, “Ilẹ̀ mi nìyẹn. Mo mọ àwọ̀ rẹ̀.”

Darka wọ inú omi dé orúnkún, ó tẹ̀ ba, ó ju okùn. Kò pẹ́ tí nǹkan fi gbé e, okùn sì ń sáré jáde. Jáákì ni. Ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan, gígùn rẹ̀ tó apá àgbàlagbà, ó gbọn orí, okùn já fẹ́ú. Nínú ìwàǹwára, Darka ti gbàgbé láti so wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí eyín jáákì kì í lè gé.

“Ìyẹ́ àkùkọ ti lọ o!” Metro pariwo, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín bàbá yẹn kẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́. Darka ń jù ú, ó ń fà á, ó ń jù ú, ó ń fà á. Pòtétò bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán.

“Ìyá Àkùkọ, pòtétò ti ń pọ́n o!” ni Lyle ké láti ìdí páànù. “Àlùbọ́sà ń béèrè ẹ!”

“Sọ fún un pé mò ń bọ̀!”

Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó yí padà. Kì í ṣe ojú ẹni tó ń ṣàwàdà. Metro ti ń wo ilé.

Bàbá náà tún wo omi. Ó mi àga rẹ̀.

“Darka! Kí lò ń wá níbẹ̀ yẹn?”

“Ẹja ni, Bàbá.”

“Àárín àlìkámà lò ń ju nǹkan sí! Kí ni ẹja ń wá láàárín àlìkámà? Pẹrẹsẹ ni mo ro ibẹ̀. Kò sí ibi tí eku lè fara pamọ́ sí níbẹ̀, ká má tíì sọ ti ẹja.”

“Níbo wá ni kí n jù ú sí?”

“Òkìtì òkúta ńkọ́?”

Darka dúró. Lọ́dọ̀ tiwa, ọdọọdún ni òtútù máa ń ti òkúta jáde látinú ilẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń bí wọn. Kí àgbẹ̀ tó gbin nǹkan, yóò ṣa wọ́n, yóò kó wọn jọ síbì kan. Láti kékeré ni Metro ti ń ṣa òkúta oko yẹn, ó sì kórìíra rẹ̀ ju ilé ìwé lọ. Kò sí ẹni tó rò pé ẹnikẹ́ni tún lè béèrè òkìtì yẹn láé.

“Ẹ júwe rẹ̀ fún mi, Bàbá.”

“Máa wo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lókè ọ̀hún. Láti ìdí òpó mi yìí, ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin wa máa ń gbà nìyẹn. Ó yá, wá sápá ọ̀tún. Kì í ṣe ọ̀tún yẹn!”

“Èmi ni mo kọjú sí yín, Bàbá, ọ̀tún mi nìyí!”

“Ọ̀tún tèmi ni mò ń wí! Ta ló ni oko?”

Darka sún mọ́ ibi tí bàbá rẹ̀ ń nawọ́ sí. Ó so eṣinṣin ìyẹ́ tuntun, ó tẹ̀ ba, ó sì tì í wọ abẹ́ atẹ́gùn. Ó jẹ́ kó rì. Ó fà á díẹ̀, ó kan òkúta. Ó tún fà á, òkúta náà sì fà á padà.

“Bàbá!”

“Má pariwo, fà á!”

Ẹja náà kò fò bíi jáákì. Ó wúwo, ó ń kọ orí sí ìsàlẹ̀, ó ń mirí bí ọmọ tí kò fẹ́ mu oògùn. Lyle fi páànù sílẹ̀, ó gbé àwọ̀n, ó sáré wọmi, ó yọ̀, ó jókòó sínú ìgbì, ibi tó jókòó sí náà ló ti fi àwọ̀n gbé ẹja. Píkírẹ́lì ni, ó sanra, ó pọ́n bí idẹ, ẹyinjú rẹ̀ ń tàn.

Darka gbé e tọ bàbá rẹ̀ lọ.

“Níbo lo ti rí i?” Metro béèrè.

Ìdáhùn tó ti ń fún un láti ọjọ́ pípẹ́ ti dé ètè Darka. Mo rí bí ẹnu rẹ̀ ṣe là. Lẹ́yìn náà, ó wo ìka bàbá rẹ̀, tó ṣì nà sí ojú omi.

“Lórí òkìtì òkúta ni, Bàbá.”

“Òkìtì òkúta ta ni?”

“Tiyín ni.”

Metro wo ẹja náà látòkè délẹ̀, bí ẹni ń wo àlejò tó wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

“Láti ọjọ́ yìí wá, ó ń gbé lórí ilẹ̀ mi,” ló wí, “kò sì wá kí mi rí.” Ó yíjú sí Lyle. “Ìwọ náà, kí lò ń wò? Òróró ń jó!”

Ó jẹ ẹ̀gbẹ́ ẹja kan, ó tún tọrọ ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Darka lọ wá iyọ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé wa wá, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà tó dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọjọ́ tó kọ́ àkùkọ.

“Bàbá Metro,” Lyle wí, ẹnu rẹ̀ kún, “ṣebí ẹ ní ẹja kò sí láàárín àlìkámà? Jáákì tó já okùn ńkọ́?”

“Olè ni ìyẹn,” ni Metro dáhùn. “Ẹ lọ mú un wá.”

Nígbà tí a dé ilé, ológbò ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ìpín rẹ̀. Ó fi ara nu bàtà Darka, ó ń ké. Metro fi ọ̀pá rẹ̀ rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Kọjá síbẹ̀ jàre,” ló wí. “Kò sí ẹni tó lọ sí adágún lónìí. Oko la ti ń bọ̀.”