Òdòdó Tí Mo Torí Rẹ̀ Gun Òkè

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi tọ́jú ìyá arúgbó ará Ítálì kan ní Moncalieri, nínú ilé tí èmi pẹ̀lú wọn jọ ń gbé. Nonna, ìyẹn ìyá àgbà, ni mo ń pè wọ́n. Orí òkè ni wọ́n bí wọn sí, níbi tí yìnyín kì í ti í tètè yọ́. Nígbà tí àìsàn wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè: kí àwọn fojú kan stella alpina, òdòdó funfun orí òkè wọn.

Ọmọ wọn ọkùnrin ní, "Mamma, ọ̀nà yẹn ti jìn jù fún yín."

Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo fẹsẹ̀ gun ìyókù. Koríko tán, ó ku òkúta. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń tẹ̀pá sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ló fi òdòdó náà hàn mí nínú pàlàpálá àpáta. Ó kéré, ó funfun bí òwú, ó nírun bí etí ọmọ ewúrẹ́. Mo nawọ́ sí i.

"Ẹ má já a o, signora. Òfin ò gbà á." Bàbá náà wá nàka sísàlẹ̀. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀gbẹ́ ọgbà àgùntàn lọ́hùn-ún ló ń hù sí. Ooru ló ń lé e gòkè. Bí òkè bá wá tán ńkọ́?"

Mo fi fóònù ya fọ́tò òdòdó náà, mo sọ̀ kalẹ̀.

Kí n tó délé, wọ́n ti gbé Nonna lọ sí ọsibítù. Mo sáré lọ bá wọn, mo gbé fóònù síwájú wọn. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí.

"Òwú ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì kọjú sógiri.

"Nonna, òdòdó yín mà ni. Ẹ tún un wò."

Wọn ò wò ó mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kú. Èmi tí n kò sí níbi ìsìnkú ìyá tó bí mi, nítorí permesso mi, ìwé ìgbélùú tí mo fi lè rìnrìn àjò lọ sílé kí n sì padà, kò tíì jáde, mo jókòó ti òkú ìyá oníyàá, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ọmọ wọn dúpẹ́, ó ní kí n kó ẹrù mi kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn fẹ́ ta ilé.

Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Settimo ni mo ti ń di páálí báyìí. Arábìnrin tí a jọ ń gbé yàrá máa ń béèrè ìdí tí n kì í fi í jẹun. Mo máa ń ní ó rẹ̀ mí ni.