Àkùkọ Tó Wọ Aṣọ Funfun

Nígbà tí ogbe orí àkùkọ Morónikẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun lọ́dún 1991, inú obìnrin tó ń yan gàrí ní Lalupon yìí dùn débi pé ó sáré lọ sọ fún Wòlíì Hezekiah, olórí ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà wọn. Wòlíì ní ìran ni, pé àkùkọ náà ti wọ aṣọ funfun bíi tiwọn. Ẹlòmíì ì bá béèrè ọ̀rọ̀. Morónikẹ́ ò béèrè nǹkan kan. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò fi àkùkọ ọ̀hún dúpẹ́ ìkórè, torí Ṣeunfúnmi ọmọ rẹ̀ ríṣẹ́ sí yunifásítì, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹranko wò. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe àkùkọ ní Bùrọ́dà.

Àmọ́ Bùrọ́dà ò kọ mọ́. Ó ń tòògbé lọ́sàn-án gangan. Ìkórè ku oṣù kan àtààbọ̀, àyà Morónikẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í já: ta ni í gbé òkú adìẹ lọ síwájú pẹpẹ?

Ṣeunfúnmi wá sílé, ó wo àkùkọ, kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ apá rẹ̀, ó bu ìgbẹ́ rẹ̀ sínú ike, ó kó o lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó padà dé, ó ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ni àwọn fi ń yí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò tín-ínrín títí pupa rẹ̀ yóò fi rogún sísàlẹ̀. Pupa ti adìẹ tára rẹ̀ le a máa tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú ìgò. Ti Bùrọ́dà ò pé ìdá kan nínú méje.

“Mọ́mì, aràn ló kún ìfun rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń mu. Kò wọ ẹgbẹ́ kankan.”

Ojú ti Morónikẹ́, àmọ́ ẹ̀rín ló pa á títí ó fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n po oògùn aràn mọ́ omi fún àkùkọ. Ṣeunfúnmi tún kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa ìpénpéjú wálẹ̀ láti wo pupa inú rẹ̀, ì báà jẹ́ ti adìẹ tàbí ti èèyàn; tó bá funfun, ẹ̀jẹ̀ ò tó lára nìyẹn. Ẹ̀kọ́ yìí kó bá gbogbo àdúgbò: èèyàn ò lè ra kóńgò gàrí kan mọ́ kí Morónikẹ́ má fa ojú onítọ̀hún.

Lọ́jọ́ ìkórè, ogbe Bùrọ́dà pọ́n bí ata rodo, ó sì kọ sáàárín àdúrà. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Wòlíì mi orí, ó ní ó mà ṣe o, arákùnrin àwọn ti padà sínú ayé.

Inú Morónikẹ́ dùn ju kó bínú lọ. Ó kúnlẹ̀, ó gbé àkùkọ lé Wòlíì lọ́wọ́, ó wá tẹjú mọ́ ojú bàbá náà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹrí wálẹ̀ díẹ̀.”

Ó fa ìpénpéjú Wòlíì wálẹ̀. Inú rẹ̀ funfun ju sùtánà ọrùn bàbá náà lọ.