Ẹ̀bi Tí Wọ́n Dì Ru Opó

Awakọ̀ ni bàbá mi, Ọ̀fà Garage ló ti ń gbé èrò. Láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó ní ìjókòó mọ́tò ni. Àfi ọjọ́ tó jáde láti ilé ìwẹ̀, tí mo gbọ́ tó ń sọ fún màmá mi pé, "Ẹ̀jẹ̀ ni mo tọ̀."

Ẹ̀jẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi tọ̀ títí tó fi kú, nígbà tí mo ṣì kéré. Ìyàwó olóògbé ni ẹbí di ẹ̀bi náà rù. Wọ́n ní ó fi nǹkan sínú oúnjẹ ọkọ rẹ̀. Bàbá mi gan-an ló fi mọ́tò gbé e lọ já sílẹ̀ ní Òkè-Òyì, nílé àwọn òbí rẹ̀.

Dókítà ní jẹjẹrẹ ti wà nínú kíndìnrín bàbá mi. Ó wá bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹnìkan ti ṣe irú rẹ̀ rí nínú ẹbí yín?"

Bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá tó bí wa náà, ẹ̀gbẹ́ ló pa á."

Dókítà ní ojoojúmọ́ ni ara wa ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ó ní nínú àwọn ìdílé kan, ohun tó ń ṣàtúnṣe yẹn ti lábùkù láti inú oyún. Ibi tí kò bá rí túnṣe ni jẹjẹrẹ ti ń hù.

"Ta ló wá ṣe é?" ni bàbá mi bèèrè.

"Kò sẹ́ni tó ṣe é, Bàbá. Ó jọ pé wọ́n bí i mọ́ yín ni."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan fi mọ́tò gbé àwa méjèèjì lọ sí Òkè-Òyì. Obìnrin náà ń bó ẹ̀gẹ́. Kò kí wa. Bàbá mi fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kò jẹ́. Ó bá kúnlẹ̀. Nílé wa, ìyàwó ló ń kúnlẹ̀ fún àbúrò ọkọ.

"Ìyàwó wa, àìsàn tó pa ọkọ rẹ ló ń ṣe mí. Inú ẹ̀jẹ̀ wa ló ti wá. A parọ́ mọ́ ọ."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ dìde. Ṣebí mo fi Kùránì búra fún yín nígbà náà?"

"O búra. N kò fẹ́ gbà ni."

Kò sọ pé òun dárí jì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn náà wọra, ó wá sí ilé wa ní Adéwọlé, ó ń bá màmá mi yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí bàbá mi tó kú, ó pe ẹbí jọ, ó kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹ̀sùn kan ìyàwó òun. Kò sẹ́ni tó dán an wò. Obìnrin Òkè-Òyì ló jókòó ti màmá mi nígbà opó. Mo gbọ́ tó sọ lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ ríre. Èmi nìkan ni mo sunkún tèmi."

Mo máa ń lọ yẹ kíndìnrín mi wò. Àbúrò mi ọkùnrin kọ̀ jálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n máa gbé ayé mi," ló máa ń wí. Bó bá sì fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bóyá ara kàn ń yún un ni, àyà mi a já.