Fóòmù Inú Bọ́ńpà

Ní ilé iṣẹ́ wa ní Ọ̀tà, fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ni a ń ṣe. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n ju páálí náà sílẹ̀ láti òkè, kí n sì tú u wò. Bí fóòmù bá fọ́ tí tẹlifíṣọ̀n kò fọ́, mo máa ń fọwọ́ sí i pé ó dára.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti ìyá mi ń bọ̀ láti Adó-Odò ni mo fi iwájú ọkọ̀ mi gbá ìdí tírélà kan ní Sango. Màmá kò tilẹ̀ dá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ dúró. Bọ́ńpà ló ya, mo sì gbé ọkọ̀ lọ bá jórinjórin. Nígbà tí ó tú u, fóòmù ló fà jáde, ó ti là sí méjì! Irin fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ká kò. N kò lè pa ẹnu mi dé.

"Àǹtí, àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí rẹ́ yín jẹ o," ni jórinjórin wí. "Kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, kí owó tí wọ́n ná sí i lè dín kù, ni wọ́n ṣe ń ki pàǹtí bọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi irin gidi sí i."

Inú bí mi débi pé n kò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà. Ó jó páìpù onírin tó nípọn mọ́ ọkọ̀ náà gbọin. Màmá mú ààbọ̀ fóòmù náà lọ sílé, wọ́n ní àwọn á máa jókòó lé e ṣa ẹ̀wà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọlọ́kadà kan já lu ọ̀nà lójijì níwájú wa ní Igbesa. Mo yà fún un, mo sì kọlu ògiri afárá kékeré kan. Eré tí mo ń sá kò ju ti Sango lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wo iwájú ọkọ̀, kò tẹ̀ rárá.

"Màmá, ẹ wá wò ó, kò ṣe nǹkan kan!"

Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo yíjú wo Màmá nínú ọkọ̀. Wọ́n ti na ọwọ́ síwájú kí àyà wọn má baà gbá dáṣíbọọ̀dù, ọrùn ọwọ́ náà sì ti ṣẹ́, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀rù bà mí, mo sáré gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Gbogbo páálí tí mo ti jù sílẹ̀ rí ló ń padà wá sí mi lọ́kàn. Bí fóòmù bá kọ̀ tí kò fọ́, ohun tó wà nínú páálí ni yóò fọ́. Òótọ́ ni pé wọ́n ń dín owó kù, ṣùgbọ́n ohun tí yóò fọ́ dípò ìyá mi ni wọ́n fi síbẹ̀, èmi ni mo sì ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Mo gbé ọkọ̀ padà kí jórinjórin wá gé páìpù rẹ̀ kúrò. Bó ṣe rí i, ńṣe ni inú rẹ̀ dùn.

"Ṣé ẹ rí i, àǹtí? Irin mi kò tẹ̀!"

"Ìyá mi ló tẹ̀," ni mo wí.

Ó mú ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì gé e kúrò.

Nígbà tí mo délé, Màmá wà lórí àga, wọ́n gbé ọwọ́ tí dókítà fi P.O.P. dì lé ààbọ̀ fóòmù náà. Wọ́n ní ó ń tù wọ́n lára.