Ọjọ́ Tí Ilé Ọmọ Ẹfọ̀n Jábọ́

Ọdún tí kòrónà ti ṣọ́ọ̀ṣì pa, tí pásítọ̀ ń wàásù láti inú fóònù, ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oko ẹfọ̀n kan lẹ́yìn Courtice, ìlú òyìnbó tí Bísí ọmọ mi ń gbé. Mo ní, "Ẹfọ̀n kẹ̀? Èyí tí ọdẹ ń gun igi nítorí rẹ̀?" Bísí ní irú ti ibí kò burú, pé wàrà rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe wàràkàṣì orí píṣà. Háà! Wọ́n ń fún wàrà ẹfọ̀n!

Iṣẹ́ mi ni kí n nu ọmú wọn kí wọ́n tó so ẹ̀rọ mọ́ ọn, kí n sì tọ́jú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Nọ́ńbà ni wọ́n kàn mọ́ wọn létí, ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù, Àdùkẹ́ ni mò ń pè é. Tóní, bàbá arúgbó ará Ítálì tó ni oko, a máa fi mí ṣẹ̀sín: "Màmá, ẹ tún ń bá a sọ̀rọ̀? Ṣé ó dáhùn?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àdùkẹ́ bí abo, dúdú tó ń dán. Gbogbo wa kọjú sí ọmọ, à ń nù ún, à ń yìn ín. Bí mo ṣe wẹ̀yìn báyìí, yéè! Ilé ọmọ Àdùkẹ́ ti bọ́ síta tán, ó pupa, ó wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó rọ̀ dé orúnkún ẹ̀yìn. Nílé, èmi ni mo ń wẹ̀ fún abiyamọ ládùúgbò wa. N kò rí irú èyí rí láyé mi.

Tóní pariwo kí n mú aṣọ mímọ́ wá. Àwa méjèèjì fi gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ, kó má baà ya nílẹ̀. Ó wúwo! Tóní ní, "Bí èyí ò bá wọlé kó dúró síbẹ̀, alápatà ni mo máa pè." Mo wo ojú rẹ̀, kò ṣeré.

Dókítà ẹranko dé, ọmọdébìnrin lásán. Ó fọ ọ́, ó bó ibi ọmọ kúrò lára rẹ̀, ó ní, "Ṣúgà dà?"

"Tíì lẹ fẹ́ mu ní irú àsìkò yìí?"

Tóní sáré gbé e wá. Dókítà já ọ̀rá ṣúgà, ó ń dà á sórí ilé ọmọ! Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ṣúgà tí a kì í jẹ́ kí abiyamọ fẹnu kàn nílé wa, nítorí jẹ̀díjẹ̀dí?

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ ṣáà máa wò ó."

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde lára rẹ̀, ó ń súnkì lójú mi kòrókòró. Ẹnu mi là sílẹ̀, kò pa dé. Dókítà di ìkúùkù, ó tì í padà díẹ̀díẹ̀, ó rán ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó gún un lábẹ́rẹ́.

Mo ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ kí n gbé omi gbígbóná, kí n fi tówẹ̀lì tẹ ikùn rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ má tẹ nǹkan kan o! Fúnra rẹ̀ ló máa kéré. Ẹ fún un lóúnjẹ, kí abẹ́ rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì máa gbóòórùn ohun tó ń jáde. Bó bá rùn, ẹ pè mí. Kí akọ má sún mọ́ ọn títí yóò fi padà sípò."

Ó di iṣẹ́ mi, gbígbóòórùn ìdí ẹfọ̀n! Ohun tó ń jáde kọ́kọ́ pọ́n rúsúrúsú, ó wá ń mọ́, ó wá gbẹ. Tóní a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní: "Ṣé kí n pe alápatà?"

"Ẹ pè é fún ara yín!"

Ọjọ́ tí dókítà padà wá, ó wọ ìbọ̀wọ́ gígùn, ó ti apá bọ ìdí Àdùkẹ́ dé ìgúnpá, ó ń fọwọ́ tọ́ inú wò. Ó ní ilé ọmọ tó tóbi bí àpò ìrẹsì lọ́jọ́sí ti kéré, ó ti wà níbi tó yẹ kó wà. Tóní ṣí fìlà fún Àdùkẹ́. Èmi jókòó sórí korobá, mo bú sẹ́kún.

Nígbà tí Bísí bí ọmọ kejì, tó fẹ́ máa sáré padà sí shift nígbà tí ara rẹ̀ kò tíì gbẹ, mo pe òun àti àwọn ìyàwó ọmọ mi jókòó, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Bísí ní, "Màámi, please, èmi kọ́ ni buffalo."

Mo ní, "Mo mọ̀. Buffalo ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Gbogbo ẹni tó bá wọlé abiyamọ, ọmọ ni wọ́n ń wá wò. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa fi ẹnì kan sílẹ̀ tí yóò máa wo ìyá."