Ọrun Ọmọdé Lọ́wọ́ Ṣàkírù

Ṣàkírù Kàsúmù kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n nígbà tí apá rẹ̀ ṣì jẹ́ apá, kò sí ẹni tó ń ta ọfà ní gbogbo Bàrígà tó lè dúró tì í. Èyí kì í ṣe àsọdùn. Ẹ bi àwọn ọmọ ilé ọdẹ tó máa ń pàdé ní pápá ilé ìwé kan níbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ará Ìgbòho ni, ilé ọdẹ ni wọ́n bí i sí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan ní Fọlá Àgòrò, nídìí ẹ̀rọ tó ń gé bébà. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀gá a máa jágbe mọ́ ọn, oníbàárà a máa bú u pé kàlẹ́ńdà òun ti pẹ́ jù. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń di èèyàn pàtàkì. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ o, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní ọjọ́ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀.

Àfi lọ́jọ́ kan tí òkìtì bébà tí wọ́n tò ga jù nílé ìtẹ̀wé náà ya lulẹ̀. Ẹni tó gbọ́n ì bá sá. Ṣàkírù na apá ọ̀tún sókè láti gbá a mú, bí ẹni pé ọmọ ló ń já bọ́, ni ẹrù bá wọ́ apá náà lọ sẹ́yìn. Èjìká yẹ̀, iṣan inú rẹ̀ sì ya. Wọ́n dá eegun padà sí àyè rẹ̀ nílé ìwòsàn, wọ́n so apá mọ́ ọn láyà, oṣù sì ń gorí oṣù. Nígbà tó padà síbi iṣẹ́, ọ̀gá ti fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ní kó lọ jókòó ti àwọn obìnrin tó ń ká ìwé. Ó jókòó. Kí ló fẹ́ ṣe?

Bàbá rẹ̀ gbọ́, ó wọkọ̀ láti Ìgbòho wá. Arúgbó náà ti kọjá ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ igi. Òun ló kọ́ Ṣàkírù ní ọfà títa. Òun náà ló ni ọrun àgbà, ọrun ńlá tí bàbá bàbá rẹ̀ gbẹ́, tó fi ara ti ògiri nínú yàrá rẹ̀ nílé. Nínú ẹbí wọn, àkọ́bí ló ń jogún ọrun yẹn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà á kí ọsán rẹ̀ kan etí, lójú ẹni tó fẹ́ gbé e fún un. Bí kò bá lè fà á, ọrun á ya sílé àbúrò. Ràmọ́nù, àbúrò Bàbá, sì ní àwọn ọmọkùnrin tí apá wọn ki pọ́pọ́. Ṣàkírù mọ èyí dáadáa. Èjìká ń dùn ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dùn ún tó ìrònú pé wọ́n á gbé ọrun yẹn gba iwájú ilé àwọn kọjá lọ sí ilé Ràmọ́nù.

Bàbá àti Fàsílátù, ìyàwó Ṣàkírù, bá a lọ sílé ìwòsàn nígbà kan. Obìnrin kan níbẹ̀ ló máa ń na apá náà fún un. Ó ní, "Ẹ má tíì fọwọ́ kan ọrun tó le o, sà. Èyí tó light gan-an ni kẹ́ ẹ fi start. Tó bá ti ń dùn yín, ẹ stop." Nígbà tí Ṣàkírù ń wọ ẹ̀wù lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó gbọ́ tí obìnrin náà ń bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó rò pé ọ̀rọ̀ oògùn ni.

Igi àtòrì ni Bàbá fi gbẹ́ ọrun àkọ́kọ́. Ọrun ọmọdé ni, irú èyí tí a máa ń ṣe fún ọmọ kó lè fi lé alángbá kiri. Ṣàkírù gbé e lọ sí pápá lọ́jọ́ Àìkú, nítorí kò fẹ́ kí ọjọ́ náà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ pátápátá. Ọlápọ̀sí, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló kọ́kọ́ rí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀ o! Alángbá wo lẹ ń wá? Ó ti sá lọ sí Akọka o!"

Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Ṣàkírù náà rẹ́rìn-ín, torí àgbà kì í fi ojú ẹkún gba àpárá. Ó fi ọfà sí ọsán, ó fà á. Èjìká bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ọsán ọrun ọmọdé yìí kò wá dé àgbọ̀n rẹ̀, ọfà sì bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín dá fúnra rẹ̀. Adéjìmí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ti ìsìn Onítẹ̀bọmi bọ̀ tààrà tòun ti táì lọ́rùn, ṣa ọfà náà nílẹ̀, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní bí ọsán bá já, ọrun di ọ̀pá. Ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tí tafàtafà ń dà bí apá rẹ̀ bá já. Ṣàkírù lọ sílé, kò sì tún yọjú sí pápá mọ́.

Ẹ̀yìnkùlé ló ti wá ń ta ọfà. Ó fi àjẹkù bébà láti ibi iṣẹ́ kún inú àpò, ó gbé e ti ògiri lẹ́bàá táǹkì omi, ó sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì ta á. Kò jìnnà rárá. Ọfà tí kò bá lè dé ibẹ̀, a jẹ́ pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi jù ú. Ṣùgbọ́n ó wà ní ìkọ̀kọ̀, ohun tí Ṣàkírù sì fẹ́ nìyẹn.

Bàbá gbẹ́ ọrun kejì. "Èyí le díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ," ló wí. "Rọra o."

Ṣàkírù rọra fà á. Ọsán wá, ó wá, ó kan àgbọ̀n. Ó tú u sílẹ̀, ọfà wọnú àpò bébà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí òkìtì ti ya lù ú, ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Fàsílátù sáré yọjú láti kíṣìnnì. Bàbá mú ọrun àkọ́kọ́ nílẹ̀, ó kán an mórúnkún, ó sì sọ ọ́ sínú iná. Ó ní apá tó ń lọ síwájú kì í bojú wẹ̀yìn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Bàbá á gbẹ́ tuntun, á ní ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì kán ti tẹ́lẹ̀ sínú iná. Ṣàkírù á fà á, á sì rí i pé ó tún ń wá ju ti àná lọ. Ta ni ọmọ tó máa wo bàbá rẹ̀ lójú tó máa ní, "Bàbá, ṣé ó le lóòótọ́?" Ṣàkírù kò kọ́ irú ìyẹn nílé. Ó jáwọ́ nínú lílọ sílé ìwòsàn. Ó ní kí lòun tún ń wá lọ, nígbà tí Bàbá ti ń fi igi ṣe ohun tí wọn kò lè fi gbogbo ẹ̀rọ wọn ṣe. Bó bá ti ń yangàn báyìí nídìí oúnjẹ, Fàsílátù á sì máa ro ọbẹ̀ tó ti jinná.

Nígbà tó yá, Bàbá gbé ọrun ọparun kan jáde, tó gùn, tó sì dán. Ó ní èyí ti ń súnmọ́ ọrun àgbà. Ṣàkírù fà á kan etí. Ó dúró bẹ́ẹ̀, kò tú u sílẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀.

"Bàbá, mo ń lọ sí pápá lọ́jọ́ Àìkú."

Bàbá na ọwọ́ gba ọrun náà. "Dúró ná," ló wí. "Jẹ́ kí oṣù yìí parí."

"Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n lọ. Tí mo bá dé, a ó jọ lọ sí Ìgbòho lọ fa èyí tó kù."

Arúgbó náà fi àtàǹpàkò pa ọsán ọrun náà lọ, ó pa á bọ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò já sí.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ṣàkírù wọ bùbá tó ti lọ̀, ó sì dé pápá kí ọ̀pọ̀ tó dé. Wọ́n yọ̀ mọ́ ọn lóòótọ́. Ọlápọ̀sí fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ lórí koríko, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú ti ọjọ́sí o. Ẹnu mi ni ò dáa." Àmì tí wọ́n ń ta wà lódìkejì pápá, níbi tó máa ń wà. Ṣàkírù dúró, ó fà á kan etí wẹ́rẹ́, gbogbo wọn sì pariwo. Ó tú u sílẹ̀.

Ọfà náà fò fẹ́rẹ́, ó sì bọ́ sílẹ̀ níbi tí kò tíì dé ìdajì pápá.

Ó ní ọfà ló wọ́. Ó mú òmíràn. Ibì kan náà ló bọ́ sí. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ dé ibi tí àwọn méjì yẹn bọ́ sí. Ọlápọ̀sí, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ń wo ilẹ̀. Adéjìmí gba ọrun náà, ó fi ìka kan ṣoṣo fa ọsán rẹ̀ kan etí, ó rọra dá a padà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ṣàkírù.

"Ta ló gbẹ́ ẹ?"

"Bàbá mi ni."

"Ẹ bá mi kí wọn."

Ṣàkírù kò gbà pé ọrun náà ló rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó já ọrun Ọlápọ̀sí gbà, ọrun tí gbogbo wọn ń fà láìmí kanlẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára fà á. Nǹkan kan já nínú èjìká rẹ̀, ó pariwo, ọrun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dìde, apá ọ̀tún ń rọ̀ dìrọ̀dìrọ̀, kò sì lè gbé e mọ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sin òun.

Gbogbo ọ̀nà ilé ló fi ń bínú. Inú bí i sí bàbá rẹ̀ débi pé ó ń sọ̀rọ̀ sókè, àwọn obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́bàá títì sì ń wò ó. Ó to ọ̀rọ̀ náà jọ bó ṣe fẹ́ sọ ọ́: pé wọ́n tan òun, pé wọ́n sọ òun di ọmọdé, pé wọ́n jẹ́ kí òun lọ tẹ́ lójú ẹgbẹ́. Fàsílátù pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo apá náà, ó sì mọ̀.

"Ìwọ náà mọ̀," ni Ṣàkírù wí.

"Bàbá Faridah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Obìnrin yẹn sọ fún wa lọ́jọ́ yẹn ní hospital, nígbà tẹ́ ẹ̀ ń wọṣọ. Ó ní iṣan yẹn ò lè so mọ́. Ó ní apá yẹn ò lè fa nǹkan tó le mọ́ láéláé."

"Ẹ̀yin méjèèjì wá jókòó, ẹ ń wò mí!"

"Ọrun kejì, Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ fá a kó fúyẹ́ ni, kí ó má baà dùn yín. Wọ́n fẹ́ sọ fún yín tó bá yá. Àfi tí ẹ bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọjọ́ yẹn ni wọ́n wá bá mi ní kíṣìnnì, tí wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní, 'Ìyàwó mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ gba ẹ̀rín yẹn padà lẹ́nu rẹ̀?'"

Ṣàkírù kọjá lára rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Bàbá jókòó sórí àpótí lẹ́bàá táǹkì, igi tuntun láàárín orúnkún rẹ̀, ó ń fá a. Aṣọ àkísà ni ó fi di ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ káàkiri, níbi tí ọ̀bẹ ti ń gé e, nítorí ojú kò ríran dáadáa mọ́. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì gbórí sókè.

"Ṣàkírù. Ṣé ọfà dé ibẹ̀?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ṣàkírù ti tò jọ láti pápá wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo àwọn ìka wọ̀nyẹn.

"Ó dé ibẹ̀, Bàbá."

Ọ̀bẹ dúró lórí igi. Ta ló gbẹ́ ọrun ọparun yẹn, tí kò ní mọ ibi tí ọfà rẹ̀ lè dé mọ?

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ni arúgbó náà wí.

"Èyí tẹ́ ẹ̀ ń gbẹ́ yìí ńkọ́, Bàbá? Ṣé á tún le sí i?"

"Á le sí i díẹ̀."

"Ẹ ṣeun, sà."

Ọ̀bẹ ti yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ó ń fọwọ́ tá ilẹ̀ kiri, kò sì rí i. Ṣàkírù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì mú un, ọwọ́ òsì náà ló sì fi na án sí bàbá rẹ̀, ohun tí kò dán wò rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Bàbá gbà á, kò sì bá a wí.