Máṣíìnì Tí Kì Í Fa Tapólì

Ẹ má bi mí bóyá mo fẹ́ràn iṣẹ́ tapólì. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Aṣọ obìnrin ni mo kọ́ ní Ajégúnlẹ̀, mo gba fíríìdọ̀mù, mo sì ń rán búláòsì àti yẹ̀rì jẹ́jẹ́ mi kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wá bẹ̀ mí pé kí n wá bá òun ṣiṣẹ́, nítorí iṣẹ́ ti pọ̀ ju òun nìkan lọ. Òtítọ́ ló sọ. Nǹkan bí ọdún 1986 nìyẹn. Tírélà tó ń tò láti Tin Can títí dé ẹ̀bá Liverpool Road kò lóǹkà, agbára káká sì ni ẹ fi lè rí ọ̀kan tí tapólì tí wọ́n fi bo ẹrù rẹ̀ kò ya níbì kan. Awakọ̀ tí òjò bá pa ìyẹ̀fun tàbí sìmẹ́ńtì lórí ọkọ̀ rẹ̀ ti wọ wàhálà nìyẹn. Àwa la máa ń lẹ̀ ẹ́ fún wọn.

Abẹ́ páànù kan la ti ń ṣiṣẹ́, nítòsí ibi tí àwọn tírélà ti máa ń yà wọ Àpápá. Máṣíìnì ńlá kan ni ẹ̀gbọ́n mi ní, onípẹ́dàlì, tí ó rà ní tòkunbọ̀. Ẹni tí kò bá jókòó sídìí máṣíìnì rí lè rò pé abẹ́rẹ́ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Irọ́ ni. Lábẹ́ ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé, eyín irin kéékèèké wà níbẹ̀ tó ń yọ sókè, tó ń fa aṣọ sẹ́yìn, tó tún ń rì padà. Irin pẹlẹbẹ kan tí a ń pè ní ẹsẹ̀ máṣíìnì ló ń tẹ aṣọ mọ́ eyín yẹn látòkè. Bí eyín bá fa aṣọ dáadáa, ojú rírán á gún, á sì dọ́gba. Bí kò bá fà á, abẹ́rẹ́ á máa gún ojú kan náà títí á fi lu, òwú á sì ká jọ sábẹ́ bí irun tí wọn ò yà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Tiwa kì í fa tapólì. Bí a bá fi tapólì méjì léra wọn, á fa ti ìsàlẹ̀ díẹ̀, á fi ti òkè sílẹ̀, á tún wá yọ̀ lórí méjèèjì. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wá ń ṣe ni pé á na ọwọ́ òsì lọ sẹ́yìn abẹ́rẹ́, á di tapólì mú, á sì máa wọ́ ọ bí ẹni ń wọ́ ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Bó ṣe ń ṣe é láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn kí n tó dé, bó sì ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn nígbà tí mo dé.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n tún ojú rírán ṣe sílẹ̀ fún un. Màá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, màá ṣẹ́ etí tapólì, lẹ́yìn náà màá mú àbẹ́là, màá fi pa ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà, lókè àti nísàlẹ̀, kí abẹ́rẹ́ lè wọlé láìkán. Bí ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bí òun náà ṣe kọ́ mi nìyẹn. A kì í rán tapólì láìpa àbẹ́là, bí ẹni tí kì í jẹ̀bà láìkọ́kọ́ ṣan ọwọ́.

Ọdún kẹta tí mo débẹ̀ ni mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbọ́n mi ń gbọn ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣáá. Mo bi í, ó ní kò sí nǹkan. Ọkùnrin yẹn kì í sọ pé nǹkan ń dun òun. Bí ẹ bá ní kó sinmi, á ní, “Iṣẹ́ kì í pani, ayọ̀ ní ń pa ọmọ èèyàn.” Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú débi pé mo lè sọ síṣọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ife tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan náà ni mo pariwo lé e lórí títí ó fi tẹ̀ lé mi lọ sílé ìwòsàn. Dókítà tẹ ọwọ́ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fi pín-ìnnì gún àwọn ìka, ó sì ní iṣan ibẹ̀ ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní bí kò bá yéé fi ọwọ́ náà fa nǹkan, ọjọ́ ń bọ̀ tí kò ní lè fi di nǹkan kan mú mọ́.

Kí ló wá fẹ́ ṣe? Ọkùnrin tó ń lọ sí ogójì ọdún, ọlọ́mọ mẹ́rin, tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn láyé. Ó padà sídìí máṣíìnì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń fà á. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé máṣíìnì yẹn ló máa máa fa tapólì fúnra rẹ̀, bó fẹ́ bó kọ̀. Bó bá ti lè fà á, ẹ̀gbọ́n mi á máa fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan darí rẹ̀, ọwọ́ òsì á sì rí ìsinmi.

Mo kọ́kọ́ rò pé eyín rẹ̀ ló ti kú. Mo tú u, mo fi fáìlì kékeré pọ́n ọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi mú ṣáṣá. Ó ṣiṣẹ́ fún ìdajì ọjọ́, inú mi dùn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó tún ti ń yọ̀. Mo ra eyín tuntun. Ọjọ́ kan àbọ̀ ni tìyẹn. Mo wá ní ẹsẹ̀ máṣíìnì ni kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó, ni mo bá fi sípíríǹgì tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Ẹ gbà mí! Ìyẹn di tapólì mọ́lẹ̀ débi pé agbára tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń fà á di ìlọ́po. Mo yọ ọ́ kúrò kíá. Mo gé rọ́bà inú táyà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ẹsẹ̀ náà. Kò pé wákàtí méjì tó fi re bọ́.

Láràárọ̀, mo máa ń fi pín-ìnnì ha ìdọ̀tí funfun kan tó máa ń dì sáàárín eyín yẹn. Eruku tapólì ni mo pè é. Mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àánú ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe mí. Nígbà tí mi ò rí ohun tí mo lè ṣe sí máṣíìnì, mo ní kí n kúkú mú kí abẹ́rẹ́ máa wọlé wẹ́rẹ́ fún un. Ibi tí mo ti ń pa àbẹ́là lẹ́ẹ̀kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta nígbà mìíràn, títí ojú ìlà á fi máa dán. Òun náà rí i, ó sì ní mo ṣeun.

Nígbà tó yá ni ẹnì kan júwe ọkùnrin kan fún mi ní Ìjọra tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Mo ṣàlàyé ohun tí mo ń fẹ́ fún un: irin róbótó kan tí wọ́n ń pè ní róláà, tí yóò wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ máṣíìnì, tí yóò máa yí bí wíìlì máṣíìnì bá ṣe ń yí, tí yóò máa gba tapólì lọ́wọ́ eyín, tí yóò sì máa fà á lọ sẹ́yìn. Ohun tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe gan-an ni. Ọkùnrin náà ní kékeré niṣẹ́ òun. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi dá mi dúró. Bí mo lọ lónìí, á ní irin ò tíì dé. Bí mo lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á ní iná ò sí. Gbogbo àsìkò yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ń fa tapólì.

Ọjọ́ tí mo gbé róláà náà dé, a dè é mọ́ máṣíìnì, ó ń yí rèterète. Tapólì ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹja. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Àbúrò, fi máṣíìnì sílẹ̀, ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí o wí.” Ló bá na ọwọ́ òsì lọ sẹ́yìn.

Mo padà sí Ìjọra lọ́jọ́ kejì. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀bìtì tí ò peku, ó yẹ kó fẹyìn fẹ́lẹ́yìn.”

Ó ní, “Àǹtí, róláà mi ń yí àbí kò yí?”

Mo ní ó ń yí.

“Ó parí nìyẹn. Tèmi ni kó yí. Tapólì yín ló ń ṣagídí, ẹ lọ bá tapólì yín sọ̀rọ̀.”

Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó wà níbẹ̀ tó dì mí mú. Mo sunkún títí mo fi délé lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́, ẹkún ìbínú ni. Ó sú mi. Eyín irin wẹ́wẹ́ tí kò tó ìka ọmọdé ló ń ba ayé ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ lójú mi báyìí, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, lásìkò òjò, iná lọ ládùúgbò wa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo àbẹ́là tó wà ní Ajégúnlẹ̀ tán pátápátá. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni awakọ̀ kan sáré wọlé tọ̀ wá láti orí ìlà Tin Can, ó gbé tapólì rẹ̀ lé èjìká. Ìyẹ̀fun ló kó. Ojú ọ̀run ti ṣú. Ó ní, “Sister, abeg, rain no go wait for me.” Mo rìn yí òpópónà mẹ́ta ká, mi ò rí àbẹ́là kan ṣoṣo rà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé e wá bẹ́ẹ̀, pé bí abẹ́rẹ́ bá kán, a ó fi òmíràn sí i.

Ó jókòó, ó gun pẹ́dàlì, ó na ọwọ́ òsì lọ sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe. Kó tó dì í mú, tapólì ti ń lọ. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Ó yọ ọwọ́ náà kúrò, ó gbé e lé itan, tapólì sì ń lọ ní tirẹ̀, ojú rírán gún régé. Abẹ́rẹ́ kan kò sì kán. Awakọ̀ ti gba tapólì rẹ̀ lọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Mo fò sókè. Mo ní róláà tó ṣì wà lára máṣíìnì náà ti wá ń ṣiṣẹ́, pé ó kàn nílò kí ara rẹ̀ mọlé ni. Mo tilẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkùnrin Ìjọra pé kó má bínú sí mi. Ọjọ́ mẹ́ta la fi rán iṣẹ́ báyẹn, ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe nǹkan kan ju pé kó wà lórí itan.

Ọjọ́ kẹrin, àbẹ́là dé sọ́jà. Mo ra páálí kan. Inú mi dùn débi pé mo fi pa ojú rírán àkọ́kọ́ bí ẹni ń fi ìpara pa ọmọ tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí i, ó gun pẹ́dàlì, tapólì sì yọ̀. Ó tún yọ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ lọ sẹ́yìn.

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró ná.”

Àbẹ́là ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ha ìdọ̀tí funfun yẹn láti àárín eyín, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀: àbẹ́là ni. Mo da kẹrosíìnì sí eyín náà, mo fọ̀ ọ́ tónítóní, mo tú róláà ọlọ́ṣù mẹ́ta jù sílẹ̀, mo sì ti tapólì gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀. Ó fà á wẹ́rẹ́, láìsí róláà, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Ọwọ́ ni ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi fi ń rán tapólì nígbà ayé tirẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gígùn, abẹ́rẹ́ ọwọ́ sì ń fẹ́ àbẹ́là. Kò ní eyín tó lè yọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ra máṣíìnì, ó kó àbẹ́là tẹ̀ lé e wá, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìdí rẹ̀ nínú àwa méjèèjì.

Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló mú mi jókòó sílẹ̀. Èmi ni mo ń pa àbẹ́là náà. Láti ọjọ́ tí ọwọ́ ti ń dùn ún, èmi ni mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta. Bí mo ṣe ń ṣàánú rẹ̀ tó ni mo ṣe ń fi kún ohun tó ń fà.

Mo sọ fún un. Mi ò mọ bí a ṣe ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́. Ó ń wo máṣíìnì. Ó wá ní, “Mo mọ̀ pé ó ń le sí i. Mo rò pé agbára mi ló ń tán ni. Mi ò fẹ́ kí o mọ̀.”

Mo dúró kó bínú. Mo fẹ́ kó bínú, kó bú mi, kó lé mi kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò ṣe é. Ó ní kí n lọ ra oúnjẹ ọ̀sán wá. Ìrẹsì ni mo rà. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún bù ú jẹ, abọ́ náà ń sún kiri lórí bẹ́ńṣì nítorí ọwọ́ òsì kò lè dì í mú mọ́. Mo bá a di abọ́ náà mú títí ó fi jẹun tán.